Olè Tó Jí Irinṣẹ́ Ló Bí I

Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gbé ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù wá sí Queen Cinema, n'Ìbàdàn, níbi táwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pọ̀ sí. Ó ní kí wọ́n bá òun fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, kó lè máa ṣọ́ géètì òun l'Ákóbọ̀. Ọmọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ ẹ̀ bá kúkú ra kámẹ́rà tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, ẹ ò ní í ṣe wàhálà kankan." Bàbá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré, a mọ ilé ẹ̀, a mọ bàbá ẹ̀. Èyí tí ò ń sọ yìí, ilé ta ló ń gbé àwòrán mi lọ?"

Ìbéèrè yẹn ló sún mi dédìí ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn tó wà nínú ìwé kò gùn: àwọn ará Jámánì ti ń fi kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 ní 1942, Linus Torvalds sì kéde Linux ní Finland ní 1991. Ẹni tó gbé ìṣọ́ yìí wọ inú ilé gan-an ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń bára wọn jiyàn lé lórí.

Àwọn kan ní kọfí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Yunifásítì Cambridge, ní 1991, ẹ̀rọ kọfí kan ṣoṣo ló wà ní yàrá tí wọ́n ń pè ní Trojan Room. Ẹni tó bá ti òkè sọ̀ kalẹ̀ lè bá a lófìfo. Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky bá dojú kámẹ́rà kọ ọ́, kí oníkálukú lè máa wò ó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó dìde. Ní 1993 ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé sì ń wò ó títí di 2001. Ìtàn tó dùn ni, àmọ́ n kò gbà pé ibẹ̀ ni orírun. Kọfí kì í ṣe ilé, olè kò sì bá wọn jà.

Èmi ò fi ẹnikẹ́ni ṣáájú Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Queens, New York. Ìwà ọ̀daràn pọ̀ ládùúgbò rẹ̀, ọlọ́pàá kì í tètè dé bí wọ́n bá pè wọ́n. Òun àti Albert ọkọ rẹ̀, tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, lu ihò mẹ́rin sára ilẹ̀kùn: èyí tó ga fún ẹni tó ga, èyí tó wálẹ̀ fún ọmọdé. Kámẹ́rà ń lọ sókè sódò lẹ́yìn àwọn ihò náà, àwòrán ń jáde ní yàrá ìbùsùn. Ó lè bá àlejò sọ̀rọ̀ látinú yàrá, ó lè tẹ bọ́tìnnì kí ilẹ̀kùn ṣí, ó sì lè tẹ òmíràn láti figbe ta. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba ní 1966, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n hùmọ̀ ní December 2, 1969.

Ti Linux tẹ̀ lé e. Ní Ìlú Ọba, olè já gàréèjì Philip Coombes, ó kó àwọn irinṣẹ́ oníná rẹ̀ lọ. Ohun tó dun ọkùnrin yìí ni pé ká ní kámẹ́rà kan kọjú sí ọ̀nà tó lọ sí gàréèjì yẹn, òun ì bá ti mọ ìgbà tí wọ́n dé àti ẹni tó wá. Ó kọ ètò kan tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà Linux máa fi kámẹ́rà ṣọ́lé, tó pè ní ZoneMinder, ó gbé e jáde ní 2002, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo tẹ̀ lé àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹn lọ sí Àkóbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so kámẹ́rà bàbá. Kọ̀ǹpútà ń fi àwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba fídíò sílẹ̀. Ewé máńgòrò ò jẹ́ kó sinmi. Ọmọkùnrin yẹn bá fi màósì fa ìlà yí ojú ọ̀nà àti géètì nìkan ká, ó yọ igi náà kúrò níbẹ̀. Iná lọ, kámẹ́rà ò kú, nítorí láptọ́ọ̀pù ló ń fún un níná láti inú bátìrì rẹ̀.

N kò rí àkọsílẹ̀ bí kámẹ́rà tó ń ṣọ́lé ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Èrò mi ni pé àwọn ọmọ wa tó ń kọ́lé láti òkè òkun ló gbé e wá. Ìyá àgbà tó máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń bi àlejò pé "Ta lẹ ń wá?", kò sí mọ́; a ti mọ ògiri tó ga ju èèyàn lọ. Ó dùn mí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa fi kámẹ́rà ṣọ́lé, kó jẹ́ kí fídíò rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé òun fúnra rẹ̀. Linux nìkan ò sì tó o. Ní 2016, àìmọye kámẹ́rà tí Linux wà nínú wọn ni ètò burúkú tí wọ́n ń pè ní Mirai gbà mọ́ àwọn tó ni wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé wọn ò yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá kámẹ́rà wá padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí tiyín padà kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó.