Òkè Tí Ó Sùn, Etí Tí Kò Gbọdọ̀ Sùn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni yóò rántí pé ní oṣù September ọdún 2016 ilẹ̀ mì ní Ṣakí. Nínú oṣù kan náà ni ó mì ní Kwoi, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ìbéèrè kan lẹ́nu àwọn oníṣòwò tí ń ná ọjà Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn: ǹjẹ́ kì í ṣe iná ni ó wà nísàlẹ̀ Òkè Asabari, tí yóò bẹ́ jáde lójọ́ kan?

Kí ọkàn wọn kí ó balẹ̀. Òkè-Ògùn kò ní òkè ayọnáyèéfín, èyí tí í máa pọ òkúta yíyọ́ jáde láti inú ilẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àpáta ńlá agbègbè náà ti yọ́ rí. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti tutù tí wọ́n sì le, ní ìgbà tí ó ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Àpáta àtijọ́ wọ̀nyí ti là ní ibi púpọ̀. Bí agbára abẹ́ ilẹ̀ bá ń tì wọ́n, wọn a yẹ̀ lójijì, ilẹ̀ a sì mì.

Síbẹ̀, òkè oníná kò jìnnà sí wa. Òkè Cameroon, tí ó ga ní 4,095 mítà, wà lẹ́bàá Buea àti Limbe, ìlú tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Victoria. Ó tú iná ní 1922, ní 1982, ní 1999 àti ní 2000. Ní 1999, òkúta yíyọ́ ṣàn títí ó fi gé ọ̀nà mọ́tò láàárín Limbe àti Idenau.

Irú òkè bẹ́ẹ̀ kì í sábà jí láìsọ̀rọ̀. Bí òkúta yíyọ́ bá ń gòkè bọ̀, a máa fọ́ àpáta lójú ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀ a sì máa gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ seismograph ni ó ń gbọ́ ọ. Ohun wíwúwo kan ni a fi kọ́ sínú rẹ̀: bí ilẹ̀ bá mì, ara ẹ̀rọ a bá a mì, ohun wíwúwo náà a lọ́ra láti tẹ̀lé e, ìyàtọ̀ àárín wọn ni a sì ń kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń fi ọwọ́ mọ̀ pé òwú fẹ́ já kí ojú tó rí i.

Ẹ wo Òkè Pinatubo ní ilẹ̀ Philippines. Ó ti sùn fún nǹkan bí 500 ọdún. Ní oṣù March 1991 ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà àti ti Amẹ́ríkà sì yára gbé ẹ̀rọ yí i ká. Bí ìmìtìtì náà ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń kìlọ̀, a sì kó ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn kúrò. Ní ọjọ́ 15 oṣù June òkè náà bẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ì bá kú ni ó yè. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ní Nàìjíríà, ibùdó tí ó wà ní Toro, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ni ó gbé irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Kaduna, Nsukka àti Awka. A kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ẹ̀rọ kò lè sọ ọjọ́ tí ilẹ̀ Ṣakí yóò tún mì. Ṣùgbọ́n ó lè fi hàn wá ibi tí àpáta ti ń yẹ̀, kí ẹni tí ń kọ́ ilé-ìwé tàbí afárá lè mọ ibi tí yóò yẹra fún.

Nígbà tí ilẹ̀ bá dákẹ́ ni owó ẹ̀rọ dà bí owó ìnákúnàá. Ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú yín pé ẹ̀rọ wo ni ó ń gbọ́ ilẹ̀ yín. Bí ilẹ̀ bá sì tún mì, ẹ kọ wákàtí náà sílẹ̀, àti bí ó ti pẹ́ tó, kí ẹ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ẹ̀rọ tí a kò bá tọ́jú, adití ni.