Ẹ́ńjìnnì Ìdí Ọkọ̀ Ojú Omi
Evinrude, Milwaukee, Amẹ́ríkà. Irin, idẹ, igi.

Ọdún 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ bíbí Nọ́wè, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ẹ́ńjìnnì yìí: sílíńdà kan ṣoṣo, agbára ẹṣin kan ààbọ̀. Ẹ wo kókó igi orí wíìlì rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi yí i kí ẹ́ńjìnnì tó ṣáná. Bí igi náà ṣe dán jẹ́ ẹ̀rí ìlò, ìdí nìyí tí a kò fi ha á, tí a kò sì kùn ún. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ́ńjìnnì tí kò bá ṣiṣẹ́, irin lásán ni. Ṣùgbọ́n wáyà àti púlọ́ọ̀gì ṣeé pààrọ̀. Ojú àtijọ́ tí a bá ha dànù kò ṣeé rà lọ́jà. Àtúnṣe tó bá pa ẹ̀rí rẹ́, ìbàjẹ́ ni.