Ìgbafẹ́ ní Etí Omi Ẹlẹ́yẹlé

Ẹni tí ó bá kúrò nínú ariwo ọjà Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó sì gba ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, yíò rí omi ńlá kan tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Kì í ṣe omi tí Ọlọ́run dá síbẹ̀. Odò Ọ̀nà ni nwọ́n sé, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1942, nígbà tí Ogun Àgbáiyé Kejì ńjà lọ́wọ́, kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu.

Nítorí mímu ni nwọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ènìà ti sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ pẹ̀lú, àwa kò sì rí ohun tí ó burú nínú èyí. Oníṣòwò tí ó ti jókòó ti igbá láti ọjọ́ Ajé yẹ kí ó rí afẹ́fẹ́ tí kò ní èéfín mọ́tò nínú. A rí bàbá kan níbẹ̀ tí ó ńkọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ti ńfi ekòló sí ẹnu ìwọ̀. Láti agogo mẹ́ta ni nwọ́n ti jókòó. Epiyá kan ṣoṣo, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ni nwọ́n rí pa, síbẹ̀ ayọ̀ wọn ju ti ẹni tí ó ta ọjà rẹ̀ tán lọ.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ńbọ́ aṣọ bẹ́ sínú omi ni ó ńbà wá lẹ́rù. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú odò abúlé rẹ̀ a máa rò pé bákan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí a sé ti bo ipa odò àtijọ́ mọ́lẹ̀: ènìà lè máa rìn nínú omi tí ó mọ ní orúnkún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ já lójijì sí ibi tí yíò bò ó lórí. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ńmú ẹsẹ̀, koríko omi sì ńwé mọ́ni. Nínú irú omi tí kò ṣàn bẹ́ẹ̀ ni ìgbín kékeré tí ńgbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fẹ́ràn láti wà. Awọ ara ni kòkòrò náà ńgbà wọlé. Bí òjò bá sì pọ̀, odò kì í mọ ẹnìkan: ìkún omi ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ, 2011, pa ènìà tí ó lé ní 100 ní Ìbàdàn. Ẹ fi ìwọ̀ mọ níwọ̀n, ẹ̀yin ọmọ wa. Ìwọ̀ kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni wọ omi.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó wúwo jù èyí lọ. Nwọ́n ti gbin igi yí omi náà ká, tííkì pàápàá, kí gbòǹgbò wọn lè di ilẹ̀ mú. Púpọ̀ nínú wọn ni a ti gé, ilé sì ti dé ibi tí igbó wà. Òjò ńgbá ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ náà lọ sínú omi, ibi tí ó jìn sì ńkún díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ńra ilẹ̀ níbẹ̀ a máa wí pé nítorí pé ibẹ̀ tutù ni, bẹ́ẹ̀ igi tí nwọ́n ńgé náà ni ó mú un tutù! Ẹlòmíràn a da ààtàn sínú odò Ọ̀nà lókè, kí ó tó lọ ṣí ẹ̀rọ omi nílé.

Bàbá tí a wí nì sọ fún wa pé nígbà tí òun wà ní ọmọdé, abẹ́ igi ni òun ńjókòó sí ní ibẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ tí a bá a, agboòrùn ni ó ṣí bo orí ọmọ rẹ̀.