Ibi Ọmọ àti Àtọ̀gbẹ Inú Oyún

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní tibi-tire la dá ilé ayé. Nínú iyàrá ìrọbí, ọ̀rọ̀ yìí tún ní ìtumọ̀ mìíràn: ọmọ ni ire, ẹkejì rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ibi. Láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, bí ibi kò bá tíì bọ́, ọkàn agbẹ̀bí kì í balẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ipa tí ibi yìí kan náà ń kó nínú àtọ̀gbẹ tí ó máa ń yọjú nígbà oyún.

Ibi kì í ṣe ọ̀nà oúnjẹ ọmọ nìkan. Ó tún ń pèsè àwọn họ́mónù bíi human placental lactogen àti progesterone. Insulin ni oníbodè tí ń gba ṣúgà láàyè láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Àwọn họ́mónù ibi a máa dín agbára oníbodè yìí kù, kí ṣúgà lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí ó sì kárí ọmọ. Bí ibi ṣe ń tóbi ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ara ọ̀pọ̀ aboyún a pèsè insulin kún un. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó ni àtọ̀gbẹ ń mú.

Ṣúgà ìyá ń gba inú ibi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n insulin ìyá kì í kọjá. Ọmọ a wá ṣe tirẹ̀ ní àṣejù, a sì sanra ju bí ó ti yẹ lọ. Jørgen Pedersen, oníṣègùn ará Denmark, ni ó gbé àlàyé yìí kalẹ̀ ní ọdún 1952. A máa ń yọ̀ mọ́ ọmọ tí ó tóbi, ṣùgbọ́n èjìká irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè há nígbà ìbí, ṣúgà ara rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìtọ̀ léraléra àti àárẹ̀ wọ́pọ̀ nínú oyún. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè fi àìsàn yìí hàn. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ pé bí ṣúgà aboyún tí kò tíì jẹun láàárọ̀ bá tó 5.1 mmol/L, ó ti di ohun tí a ń tọ́jú. Kò pọn dandan kí aboyún Òkè-Ògùn kọ àmàlà sílẹ̀. Kí òkèlè dín kù, kí ẹ̀fọ́ àti gbẹ̀gìrì pọ̀, kí ó sì máa rìn. Bí èyí kò bá tó, oníṣègùn lè fún un ní oògùn tàbí insulin.

Bí ibi bá ti jáde, agbára họ́mónù rẹ̀ a wálẹ̀, ṣúgà ọ̀pọ̀ ìyá a sì padà sípò. Síbẹ̀, bí a ti sin ibi tán, ọ̀rọ̀ kò tíì parí: kí ìyá tún ṣe àyẹ̀wò láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, nítorí àtọ̀gbẹ lè padà wá lọ́jọ́ iwájú. Ojúṣe àwa olùkọ́ èdè ni láti fi Yorùbá tí ó yéni sọ ọ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í sì í ṣe ẹ̀bi aboyún.