Ajílẹ̀ Kì Í Jí Ilẹ̀ Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan pè mí lórí fóònù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ní, “Prof, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Koríko iwájú ilé mi ti pọ́n. Ajílẹ̀ wo ni kí n dà sí i?” Mo ní kó má tíì da nǹkan kan sí i. Ó rò pé àwàdà ni. Ojú mi ti rí i rí ni.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, nínú oṣù Kejì, mo da yúríà sí koríko ilé wa n’Íbàdàn. Ìdána ọmọbìnrin mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí iwájú ilé tutù yọ̀yọ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá wa gé koríko ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná.” Mo ní ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi níwèé ni. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, koríko ti jóná. Orí ilẹ̀ pípọ́n la to àga àlejò sí.

Ká ní mo fetí sí èdè tí mo fi ń jẹun ni, mi ò bá má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: a-, jí, ilẹ̀. Ohun tó ń jí ilẹ̀ ni ajílẹ̀. Ẹni tí a bá sì jí, ó di dandan ká wá omi àti oúnjẹ fún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ń sùn ni, kì í ṣe pé ó kú. Bí omi ò bá sí, iyọ̀ inú ajílẹ̀ á máa fa ìwọ̀nba omi tó wà lára gbòǹgbò jáde. Ohun tó ń jó koríko nìyẹn.

Ìgbà méjì ló yẹ ká fi í sí i lọ́dún níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni ìparí oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Èkejì ni oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ. Bí oṣù Kẹwàá bá ti dé ìdajì, ẹ ṣíwọ́.

Ìwọ̀n ńkọ́? NPK 15-15-15 túmọ̀ sí pé nínú 100 kílò, 15 ni náítírójìn. Ti yúríà jẹ́ 46. Nítorí náà, fún ilẹ̀ tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, kílò 3 NPK tó lẹ́ẹ̀kan. Kílò 1 péré ni ti yúríà. Ẹ pín in sí méjì: ẹ fọ́n apá kan ní òró, ẹ fọ́n ìkejì ní ìbú. Kí ewé gbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ wá bomi rin ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yúríà tí kò bá rí omi á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ má sì fọ́n ọn nígbà tí òjò ńlá bá ṣú. Gọ́tà ni ẹ ó bọ́, kì í ṣe koríko.

Ó ku èpò. Patanmọ́ kì í bẹ̀rù ilẹ̀ tó ṣá, torí ìdílé ẹ̀wà ló ti wá: kòkòrò tíntìntín inú gbòǹgbò rẹ̀ ń bá a fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fà á tu lẹ́yìn òjò, kó tó so. Ẹ̀kan ní tirẹ̀, ẹ má fi ọkọ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Gbogbo ègé abẹ́ ilẹ̀ ló lè hù. Èpò kan tún wà tó jẹ́ ọmọ ìyá ọ̀fíọ̀. Ẹ fọwọ́ yí igi rẹ̀, ẹ óò rí i pé ó ní igun mẹ́ta. Bí ẹ bá fà á lásán, kóró rẹ̀ á kù sísàlẹ̀, á sì tún hù. Ẹ wà á jinlẹ̀. Ẹ má tìtorí èpò da glyphosate sílẹ̀ o. Koríko àti èpò ló máa pa pọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni gígé. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Koríko tó bá ki, tó sì ga díẹ̀, á ṣíji bo èso èpò, kò ní jẹ́ kó hù. Ẹ sì fi èyí tí ẹ gé sílẹ̀ níbẹ̀; ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

Òjò oṣù Karùn-ún ọdún náà jí koríko tèmi, àyàfi ibi tí yúríà ti pọ̀ jù. Mo pe ọmọkùnrin yẹn, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, kò sí wàhálà.” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àti ìgbà yẹn, òun ló ń sọ fún mi ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣetán.