Kẹ̀kẹ́ Ológeere, Oko àti Ọjà: Bí Ìdílé Ṣe Lè Rin Ìrìn Náà Láì Fara Pa

Ní Simawa, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Rẹ́mọ, oko kì í sábà wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó ń dá oko obì tàbí oko ẹ̀gẹ́ lè rìn tó máìlì 3 tàbí 4 kí ó tó kan ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àlọ kì í ni ènìyàn lára. Òwúrọ̀ ni, ara tutù, agbọ̀n sì ṣófo. Ìgbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ẹ̀gẹ́ ti kún inú agbọ̀n, igi ìdáná ti gun orí ẹ̀gẹ́, ọmọ kékeré ń sunkún pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ìyá rẹ̀ sì ti ru ẹrù tí ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máà lè gbà mọ́.

Iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ológeere ń ṣe fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti eré sísá, bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń rò. Ó ń gba ẹrù kúrò lórí obìnrin àti ọmọdé, ó sì ń gbé e sórí irin. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí kì í mu epo, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ènìyàn fi orúkọ Buba Marwa, tí ó ṣe gómìnà ní Èkó láti 1996 sí 1999, pè ní Márúwá. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọ̀kadà láti oko dé ilé ti di ohun tí àgbẹ̀ ń ṣírò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó na ọwọ́ dá ọlọ́kadà dúró.

Ìṣirò ti kẹ̀kẹ́ kò le. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn máa ń rin nǹkan bí máìlì 3 ní wákàtí kan. Bí oko bá wà ní máìlì 4, yóò lo wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà erùpẹ̀ tí ó dára, tí kò sì kánjú, lè rin máìlì 8 ní wákàtí kan. Ààbọ̀ wákàtí ni yóò fi dé oko kan náà. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ó jèrè ní àlọ. Ní àbọ̀, bí ẹrù bá wúwo, kì í gùn ún mọ́, títì ni ó ń tì í. Síbẹ̀ èrè kò tíì parí, nítorí pé ẹrù tí a ń tì lórí táyà méjì kò tẹ ọrùn ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí ó dá kẹ̀kẹ́ náà dúró kí ó sì wò ó dáadáa. Irin roboto eléyín méjì ni ṣéènì so pọ̀: ńlá wà níbi pẹ́dàlì, kékeré wà ní àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ti iwájú bá ní eyín 44, tí ti ẹ̀yìn sì ní 22, nígbà tí ènìyàn bá yí pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò yí lẹ́ẹ̀mejì. Táyà tí ó jẹ́ ínṣì 28 láti etí kan dé èkejì ń gba ilẹ̀ tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ nígbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, yíyí pẹ́dàlì kan ṣoṣo ń gbé ènìyàn lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15. Ìṣísẹ̀ méjì ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kì í sì ju 5 lọ.

John Kemp Starley ni ó ṣe irú kẹ̀kẹ́ yìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, jáde ní ìlú Coventry ní Ìlú Ọba ní ọdún 1885. Táyà ìgbà náà le gbandi, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní ìlú Belfast, ni ó rí i pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ òun ń gbọ̀n jìgìjìgì lójú ọ̀nà, ó sì fi rọ́bà tí ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú wé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1888. Nítorí ọmọ ni ó ṣe ronú kàn án; ó yẹ kí àwọn bàbá tí ń gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ fi èyí sọ́kàn.

Kí mọ́tò tó wọ́pọ̀, orí ni àwọn ará Rẹ́mọ fi ń ru ọjà lọ sí Ìkòròdú àti Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé Èkó. Orí ọmọdé kò gbẹ́yìn nínú wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kò lè máa ru ẹ̀gẹ́ ní aago mẹ́wàá kan náà. Ẹrù kò dín, orí tí yóò rù ú ni ó dín. Ilé tí ó ní kẹ̀kẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n lára tó ilé tí kò ní.

Ṣùgbọ́n dídi ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí ó wúwo jù ni kí ó wà nísàlẹ̀ jù, kí ó sì súnmọ́ ìjókòó. Bí ó bá jẹ́ àpò méjì, kí wọ́n dọ́gba ní ìhà méjèèjì, nítorí pé kẹ̀kẹ́ tí ó wúwo sí apá kan yóò máa fa ẹni tí ń tì í lọ sínú igbó títí yóò fi dé ilé. Okùn tí ó dára jù láti fi dì í ni rọ́bà tí a gé gígùn gígùn láti ara túùbù àtijọ́. Ó ń fún mọ́ ẹrù bí ọ̀nà ti ń gbọ̀n ọ́n, nígbà tí okùn lásán ń tú. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìbáà ṣe adìẹ méjì péré. Ọwọ́ ni a fi ń darí rẹ̀. Bí ẹrù bá ń fì níbẹ̀, ẹrù ni yóò máa darí ènìyàn. Ní ìgbà òjò, bí rọ́bà bíréèkì bá tutù, kì í mú irin ṣinṣin. Ẹni tí ó gbé ẹrù dé orí òkè kan ní àkókò òjò, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ewu kan wà tí àwọn òbí kì í kà sí tó bí ó ti yẹ. Ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ máa ń fi ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Oorun a gbé e, tàbí kí ó yí ojú wo ẹyẹ nínú igbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì yà sínú àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Kẹ̀kẹ́ kì í tètè dúró. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gìgísẹ̀ ọmọ náà ti há sí àárín wáyà àti irin, awọ rẹ̀ a bó, nígbà mìíràn egungun a ṣẹ́. Àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ mọ ọgbẹ́ yìí dáadáa. Kì í tètè jiná, nítorí pé ẹran tí ó bo gìgísẹ̀ kò pọ̀.

Bí a ti ń dènà rẹ̀ kò náni lówó. Kí a fi àwọ̀n wáyà tàbí pátákó pẹlẹbẹ bo ìhà méjèèjì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí a sì dè é mọ́ irin kárià ṣinṣin. Kí ọmọ fi ẹsẹ̀ méjèèjì há kárià, kí ó má jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì ṣe ibi tí yóò máa gbé ẹsẹ̀ lé sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Bàtà tí ó bo gìgísẹ̀ dára ju sálúbàtà lọ. Ìyá tí ó bá jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ pàápàá, kí ó ká etí ìró rẹ̀ jọ sábẹ́ itan. Ìró gígùn àti wáyà kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe fa ẹsẹ̀ ọmọ náà jáde tipátipá. Kí a rọra yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ padà sẹ́yìn, tàbí kí a gé wáyà náà. Kí a fi omi mímọ́ wẹ ojú ọgbẹ́, kí a fi aṣọ mímọ́ dì í, kí a sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí abẹ́rẹ́ tí ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú kí àgbọ̀n le pinpin. Ewé àti iyọ̀ kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì ni ó kàn. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 127, tí a sì ṣí ní ọdún 1978, kò jìnnà sí Simawa. Ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ni ún, kò sí àyè fún ìdílé tí ń lọ sí oko. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí wọ́n rékọjá rẹ̀ lọ, kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, kí àgbàlagbà di ọmọdé lọ́wọ́ mú, kí wọ́n sì gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ níbi tí ó bá wà, bí ó tilẹ̀ jìn díẹ̀. Lójú ọ̀nà títì kékeré, ohun kan máa ń rú ìdílé lójú: bàbá ń gun kẹ̀kẹ́, ìyá àti ọmọ ń fi ẹsẹ̀ rìn, gbogbo wọn sì fẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni ti kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tí ń lọ. Ọwọ́ òsì ni ti ẹlẹ́sẹ̀, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ ń gba láísẹ́ńsì. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi fífún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi kékeré, bárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ńsì sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ ti lọ béèrè, kí ó má sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà láìgba rìsíìtì.

Ní àkókò obì, pàápàá láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, ni ìrìn àjò ìdílé sí oko máa ń dùn jù. Obì gbànja ni ó sọ ilẹ̀ Rẹ́mọ di ìlú mọ̀ọ́ká lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò Hausa tí wọ́n tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣágámù. Àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé láti ara orúkọ Gonja, ní ilẹ̀ tí ó di Gana, ni a ti rí orúkọ gbànja. Awẹ́ méjì ni ó ní, nígbà tí àbàtà ilẹ̀ wa máa ń ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo ńlá tí ó wà lóde ni ó kó púpọ̀ nínú ìwúwo obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ìdílé tí ó bá gbé e bẹ́ẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ń ti pàǹtí lọ sílé. Kí bàbá máa ká a, kí ìyá máa là á lábẹ́ igi, kí àwọn ọmọ máa ṣa hóró rẹ̀ sínú agbọ̀n. Bíbó awọ funfun rẹ̀ lè dúró di ilé, lẹ́yìn tí ó bá ti rọ̀ nínú omi. Kí a fi ewé tútù tẹ́ agbọ̀n kí a sì fi bò ó. Obì tí a dì sínú ọ̀rá nínú oòrùn yóò gbóná, yóò dúdú, oníbàárà kò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lílọ sí ọjà pẹ̀lú àwọn ọmọ ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí ilé-ìwé. Níbi tí ọjà bá jẹ́ ọrọọrún, tí ó ń padà ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin bí a bá kà á lọ́nà ti òyìnbó, ọjọ́ rẹ̀ ń yí káàkiri inú ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò bọ́ sí Sátidé nínú ọjọ́ 28. Ìyá tí ó bá sàmì sí Sátidé yẹn lórí kàlẹ́ńdà yóò mọ ọjọ́ tí gbogbo ilé lè jọ lọ láì gba ọmọ kankan lọ́wọ́ tíṣà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè tí ó ṣáájú rẹ̀, kí bàbá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà méjèèjì kó le dáadáa, kí ó kán epo sí ṣéènì, kí ó sì di bíréèkì mú wò. Bí táyà bá ti rọ̀ ní àkókò tí ilé jẹun alẹ́ tán, kí ó fa túùbù rẹ̀ yọ, kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú bàsíà omi. Ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà, kí ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń lẹ táyà kí ó tó ti ilẹ̀kùn.