Gbẹ̀gìrì: Oṣù Ẹ̀wà, Ìfipamọ́ àti Sísè

Ní Ẹgbẹ́dá, bí i káàkiri Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, àbùlà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè ní ìsọ̀ alámàlà: gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata lórí àmàlà kan ṣoṣo. Ọbẹ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni gbẹ̀gìrì, ṣùgbọ́n Èkó ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀wà bíbó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbà ríra ẹ̀wà, tó sì mọ bí a ṣe ń pa á mọ́ láìlo májèlé, ọbẹ̀ rẹ̀ yóò dùn yípo ọdún.

OṢÙ Ẹ̀WÀ
Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀wà jù lọ ní àgbáyé, Òkè Ọya ni púpọ̀ rẹ̀ sì ti ń wá.
• Agẹmọ àti Ògún (oṣù keje àti ìkẹjọ): wọ́n ń gbìn ín lọ́hùn-ún. Ẹ̀wà ọdún tó kọjá ló wà lọ́jà, ó sì máa ń wọ́n.
• Ọ̀wàrà sí Ọ̀pẹ (oṣù kẹwàá sí ìkejìlá): ìkórè dé, owó ẹ̀wà wálẹ̀. Ìgbà ìràpamọ́ nìyí.
• Èrèlé (oṣù kejì), ọjọ́ 10: àyájọ́ ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣe láti ọdún 2019.

ÌFIPAMỌ́
Kòkòrò ni ọ̀tá ẹ̀wà. Àwọn kan a máa fọ́n oògùn apakòkòrò dichlorvos sí i. Májèlé ni, ẹ má ṣe é. Nítorí rẹ̀ ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní ọdún 2015. Dípò májèlé, àpò ìpamọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS: ìwádìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní ọdún 1987, ó sì ní ọ̀rá méjì nínú àti àpò kan lóde. Bí a bá dè é pinpin, afẹ́fẹ́ á tán nínú rẹ̀, kòkòrò á sì kú. Kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí a dé pinpin náà wúlò. Ẹ kọ́kọ́ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa.

SÍSÈ
Èròjà: ẹ̀wà ife 2, àlùbọ́sà 1, ata lílọ̀, irú, edé tàbí ẹja gbígbẹ, epo pupa ṣíbí ìjẹun 3, iyọ̀.
1. Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ sómi díẹ̀ títí èèpo yóò fi dẹ̀.
2. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á. Èèpo á léfòó. Ẹ dà á nù, ẹ tún omi pààrọ̀ títí ẹ̀wà yóò fi funfun. Ibí ni iṣẹ́ wà: èèpo tó bá kù kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ kúnná.
3. Ẹ sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ó máa ń hó dànù, nítorí náà ẹ má dé ìkòkò pa.
4. Bó bá ti rọ̀ pátápátá, ẹ fi ìjábẹ̀ lù ú kó kúnná, tàbí kí ẹ sẹ́ ẹ.
5. Ẹ da ata, irú, edé, epo àti iyọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó hó ní iná kékeré, kí ẹ máa rò ó, torí ó máa ń jó nídìí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìbátan gbẹ̀gìrì. Pease pudding, oúnjẹ àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ wọn, jẹ́ pea gbígbẹ tí a là sí méjì, tí a sè títí ó fi yọ́, tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò rí ẹ̀wà lè fi pea aláwọ̀ ìyeyè yẹn ṣe gbẹ̀gìrì. Wọ́n ti bó o tán.

Gbẹ̀gìrì tètè ń kan. Ẹ se ìwọ̀n tí ilé lè jẹ tán lọ́jọ́ kan; bó bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì gbé e kaná kó hó dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́.